Odi Tó Dí Òkun ní Kanjúfa

Àwọn ọmọ tó ń ti ìlú ńlá wá máa ń bi mí pé, Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi dìde sí àwọn Túgà, àwọn Potogí tó ń ṣe ìjọba lé yín lórí? Wọ́n á gbé ìwé dání, wọ́n á sì ti mọ ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ kọ sílẹ̀ kí n tó la ẹnu. Òmìnira, ẹ̀tọ́, àwọn ọ̀rọ̀ tó wuyì bẹ́ẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti lọ, tó ku èmi nìkan, ohun tí mo máa ń rí ni igi ọ̀pẹ kan tó ti jẹrà nínú ẹrẹ̀, àti bàbá mi tó dúró tì í. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ńkáńyà lorúkọ bàbá mi. Ní Kanjúfa wa, a ò ní ọba rí. Àwọn Túgà ò gbà á gbọ́. Nígbà tí ajẹ́lẹ̀ wọn kọ́kọ́ dé, wọ́n ní ó béèrè ọba, àwọn àgbà bá ń wo ojú ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ igbó ìkọlà, tó sì ti de fìlà pupa, ọba ni nínú ilé ara rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ní ìyẹn ò ṣe é kọ sínú ìwé. Ló bá lọ mú ọkùnrin kan wá láti ìlú mìíràn, tí kò gbọ́ èdè wa, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin omi òkun àti omi òjò, ó fi í jẹ olórí lé wa lórí. Òun ló wá ń na ìka sí èèyàn pé, ìwọ, ìwọ, ìwọ, ẹ bọ́ síta, iṣẹ́ ìjọba yá.

Ohun tí àwa ní ni odi. Òkun wà níhìn-ín, ìrẹsì wà lọ́hùn-ún, odi amọ̀ ló là wọ́n. Bàbá bàbá mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gé igi ẹ̀gbà etí òkun, wọ́n fi ọkọ́ onígi gígùn wa gé ẹrẹ̀ ní ṣíṣù-ṣíṣù, wọ́n ń tò ó lé ara wọn títí tó fi ga ju èèyàn lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni òjò fi fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ náà kí ìrẹsì tó gbà láti hù. Nísàlẹ̀ odi yẹn, a máa ń ri igi ọ̀pẹ tí a gbẹ́ inú rẹ̀ jáde mọ́ ọn, tó dà bí fèrè ńlá. Ọ̀fun la ń pè é. Tí omi òjò bá pọ̀ jù lóko, tí òkun sì ti fà, a ó fa èdídí ọ̀fun yọ kí omi máa lọ. Tí òkun bá ti ń kún bọ̀, a ó dí i. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó mọ ìgbà tí à ń ṣí i àti ìgbà tí à ń dí i, òun ni ọlọ́gbọ́n. Ọ̀fun tó tóbi jù wà ní oko bàbá mi, torí ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù.

Igi kì í pẹ́ títí nínú ẹrẹ̀. Bó bá tó ọdún mẹ́wàá, méjìlá, yóò jẹrà, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn bulúfò nìyẹn, àwọn ọkùnrin tí kò tíì wọ igbó. Ẹ má rò pé ọmọdé ni wá o. Èmi Bẹ̀dámù tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n nígbà náà, irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n mi. Ṣùgbọ́n kí o ga kí o kan àjà, bí wọn ò bá tíì mú ọ wọ igbó, bulúfò ni ọ́. O lè jó. O lè jà. O lè jí màlúù ará ìlú kejì kí àwọn ọmọbìnrin máa fi kọrin yìn ọ́. Ohun kan ṣoṣo tí o ò gbọdọ̀ ṣe ni kí o la ẹnu níbi tí àwọn onífìlà pupa bá jókòó sí. Iṣẹ́ ni tìrẹ. Ẹni tó bá bẹ ẹgbẹ́ yín lọ́wẹ̀, á pa ẹlẹ́dẹ̀ fún yín tí iṣẹ́ bá parí, ó tán.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó ku ọdún mẹ́ta kí ogun bẹ̀rẹ̀, bàbá mi bẹ ẹgbẹ́ wa lọ́wẹ̀ kí a pààrọ̀ ọ̀fun yẹn. Òun fúnra rẹ̀ gba òdì kejì odò lọ, ó lọ ṣe ìnáwó òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọgbọ̀n ni wá. A gé ọ̀pẹ, a fi ọjọ́ mẹ́sàn-án gbẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Mbótò, aláwàdà ẹ̀dá, ń sọ pé inú igi náà ti fẹ̀ tó ikùn bàbá ìyàwó òun, kí a dáwọ́ dúró. A wa odi títí a fi kan igi àtijọ́ nísàlẹ̀. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó rún sí mi lọ́wọ́ bí iṣu tó rà. Mbótò náà kàn án, kò ṣe àwàdà.

Ọjọ́ kejì tó yẹ kí a fà á yọ ni àwọn akódà dé pẹ̀lú olórí tí wọ́n gbé lé wa lórí yẹn. Wọ́n ní ìjọba ń la títì lọ sí bárékè Sàńtà Ríta, ọgbọ̀n èèyàn ni wọ́n fẹ́, ọgbọ̀n èèyàn sì ló wà nínú ihò yìí, Ọlọ́run ti bá àwọn ṣe é. Wáṣẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kejì, ló bẹ̀ wọ́n pé òkun yóò kún lọ́jọ́ mẹ́rin òní, kí wọ́n jẹ́ kí a ri igi tuntun ná. Akódà kan fi ìdí ìbọn dá a lóhùn ní ẹnu. Wọ́n ní kí a ro ẹrẹ̀ bo ihò náà kí oòrùn tó dé àtàrí. Bí a ṣe ro ẹrẹ̀ bo igi jíjẹrà nìyẹn. Olórí wá wo igi tuntun tí a gbẹ́, ó ní igi yìí dára, á wúlò lábẹ́ títì fún omi ẹ̀gbin. Àwa náà la gbé e lé orí, a gbé e lọ sí títì fún wọn.

Oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ la fi fọ́ òkúta. Àwọn ìyá wa ló ń rìn ọjọ́ méjì méjì gbé oúnjẹ wá, ìjọba ò bọ́ wa. Wáṣẹ̀ ń wúkọ́. Ọ̀gá iṣẹ́ ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní pátákó kan, pẹlẹbẹ, wọ́n lu ihò sí i lára kó lè máa fa ẹran ara. Òun ni wọ́n fi na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí ọwọ́ fi wú, tí kò lè di òòlù mú mọ́. Ẹni tí kò bá lè di òòlù mú, wọ́n á ní kó dúró sínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ kẹta ló kú. Wọ́n ní kí a sin ín sẹ́bàá ibẹ̀, nígbà tó yá wọ́n fẹ títì sí i, títì gba orí rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí a padà dé, òjò ti ń rọ̀, koríko ti hù lórí ẹrẹ̀ tí a rò, o ò lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án rí. Bàbá mi jáde pàdé wa. Ó ń ka egungun ìhà wa pẹ̀lú ojú. Ó ní òun ti rí iṣẹ́ tí a ṣe, ọ̀fun dúró, odi dúró, àwọn Túgà ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Ó ti so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀ dè wá. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Mo la ẹnu. Mo fẹ́ wí pé igi jíjẹrà ló ṣì wà nísàlẹ̀. Ẹran ti wà lórí iná, òórùn rẹ̀ ti gba imú ọgbọ̀n èèyàn, rárá, èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Wáṣẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Mbótò wò mí, ó mi orí. A jókòó, a jẹun. Mbótò ní tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, a ó rọra lọ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n tún kó wa lọ sí títì. Èyí tó tẹ̀lé e, bákan náà. Èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, ogun ti dé.

Mi ò sá fún ogun. Nígbà tí àwọn Ẹgbẹ́, àwọn tó ń jà fún òmìnira, wá sí ìlú wa pé ta ló fẹ́ lé Túgà, mo ti dìde kí wọ́n tó sọ ọ́ tán. Wọn ò bi mí ní ìdí. Ojú Wáṣẹ̀ ni mò ń wò.

Ó wá di ọdún kan láàrin ogun náà, ìrẹsì ti yọ orí, ó ti ń tẹ̀ bọ̀ wálẹ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a kórè. Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyẹn tí a ti dó ti bárékè Sàńtà Ríta. Ọgọ́ta sójà ló há sínú rẹ̀, wọ́n ti pa ajá wọn jẹ. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, Mbótò á pariwo sí wọn láti inú igbó, á bi wọ́n bóyá èyí onírù ni wọ́n jẹ lónìí àbí èyí tí kò nírù. Àwa mọ́kànlélógójì ni, ìbọn mọ́kàndínlógún. Apẹja kan ló mú ìròyìn wá pé lọ́rì mẹ́ta ń bọ̀ ní ọ̀sán ọ̀túnla pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún sójà, oúnjẹ àti ọta, títì wa náà ni wọ́n máa gbà. Bọ́m̀bù tí a máa ń rì mọ́ ojú títì ti tán lọ́wọ́ wa láti oṣù tó kọjá. Bí lọ́rì wọ̀nyẹn bá wọlé, a ti ṣòfò, wọn á sì jáde wá sun Kanjúfa.

Ọ̀gá ogun wa ni Iláríò, ọmọ Bìsáù, olú ìlú, ó ti ṣe akọ̀wé ní èbúté rí, ó máa ń ká ìwé rẹ̀ sápò kó má bàa tutù. Ó kó wa wá sílé, ó pe àwọn àgbà jọ sí àgbàlá bàbá mi. Àwọn onífìlà pupa jókòó. Àwa bulúfò tí a gbé ìbọn dúró lẹ́yìn àká, níbi tí a ti lè gbọ́.

Bàbá mi ló mú àbá náà wá, kì í ṣe Iláríò. Ó ní títì náà gba ìsàlẹ̀ oko òun kọjá. Ó ní òṣùpá yóò lé tán lọ́túnla, òkun yóò kún ju ti gbogbo oṣù lọ, ọ̀sán gangan ni yóò sì kún. Bí a bá fa èdídí ọ̀fun ní àkókò náà, omi yóò gun títì dé ìtan èèyàn, lọ́rì ò sì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi wọ́dò. Iláríò bi í léèrè bó bá lè dí i padà. Ó ní òun ò fẹ́ kí ogun jẹ oúnjẹ ìlú, torí Túgà la ní kí ebi pa, a ò ní kí ebi pa Kanjúfa. Bàbá mi ní bí òkun bá ti fà, a ó dí i. Oko òun nìkan ni yóò lọ, pèpéle tó wà láàrin yóò gba oko àwọn yòókù sílẹ̀. Òun yọ̀ǹda oko òun.

Síńgò ló tẹ̀lé e. Oko rẹ̀ ló kan ti bàbá mi. Ọkùnrin tó lẹ́nu bí abẹ ni. Ó ní, "Ńkáńyà, ìrẹsì mi ti ń kí mi báyìí, ó ń tẹríba. O ní ọ̀fun á dúró. Igi tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ta ló ń ṣe onídùúró fún un?"

Bàbá mi dìde. Ó jáde lọ sí etí odi, ó bu ẹrẹ̀ wá nínú àtẹ́lẹwọ́, ó pa dà wá dúró láàrin wọn. Ó lá ẹrẹ̀ náà. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọ mi ló ri igi yẹn. Ilẹ̀ tó gbé bàbá mi mì, gbọ́. Bí odi yìí bá já, kí ẹnu èmi Ńkáńyà má kan ìrẹsì mọ́, títí ìwọ ilẹ̀ yóò fi gbé èmi náà mì."

Èèyàn kì í búra bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Síńgò fúnra rẹ̀ tẹ orí ba.

Mẹ́sàn-án nínú àwa tó dúró lẹ́yìn àká ló mọ̀ nípa igi yẹn. Ibẹ̀ ni Iláríò ti wá ṣe ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe rí ní ìlú wa. Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ máa gbé ìbọn wọ omi. Ṣé ẹ̀yin ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ?"

Ọmọ Bìsáù ni, kò mọ̀. Síńgò fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bulúfò kẹ̀? Ó dáa. Tí wọ́n bá sọ tiwọn tán, kí a tú ewúrẹ́ sílẹ̀ kó wá sọ tirẹ̀." Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mbótò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Síńgò ní ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò ní rí i. Mo sì ń rò ó nínú mi pé, àwa ò gun igi, inú ẹrẹ̀ la wọ̀, a wọ̀ ọ́ dé àyà, ọwọ́ wa la fi kan ohun tí ẹ ò rí. Inú mi ló mọ ìyẹn. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti kọ́ ẹnu mi láti kékeré.

Lọ́túnla yẹn, láàárọ̀, àwọn ọmọ ogun gba inú igbó ẹ̀gbà lọ lúgọ. Ìrìn burúkú ni. Ẹrẹ̀ ń fa ẹsẹ̀, karawun ìṣáwùrú tó lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ń gé ọmọ ìka, ìbọn wà lórí. Èmi àti bàbá mi dúró lórí odi, lẹ́bàá okùn èdídí. Wọ́n ní èmi ni kí n fà á torí èmi ni mo ri igi náà. Bàbá mi ń wo omi. Òkun ń kún láìpariwo, ó ń gun ẹsẹ̀ odi bọ̀, ó sì mọ́lẹ̀ kedere nínú oòrùn. Lódìkejì, ìrẹsì Kanjúfa ti pọ́n lọ títí dé ẹsẹ̀ igbó, kò sí èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún púpọ̀. Ó ní ọdún yìí, tí ogun bá lè jẹ́ kí a kórè, wọn á mú mi wọ igbó, òun á rà mí ní fìlà.

Mo pè é. Mo ní, "Bàbá."

Ó ní, "Kí ni?"

A gbọ́ lọ́rì lókèèrè.

Mo ní, "Kò sí."

Ó dúró, ó ń tẹ́tí, ó ń wo omi, ó ń wo títì, ó wá ju ọwọ́ sílẹ̀. Mo fi èjìká fa okùn náà. Èdídí yọ. Mo gbọ́ tí igi náà kérora nísàlẹ̀, bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Omi tú jáde ní ọ̀fun, ó funfun, ó nípọn tó agbọ̀n ìrẹsì. Kò pẹ́ tó ti ń dán lórí títì.

Ẹ má bi mí nípa ìjà, kò gba àkókò. Lọ́rì àkọ́kọ́ wọ omi, awakọ̀ rò pé ọ̀gbàrá lásán ni, ó wọ inú rẹ̀ lọ, ó rì dé ẹnjìnì. Ìkejì kọ lù ú. Àwọn sójà fò sómi dé ìbàdí, wọ́n gbé ìbọn sókè orí kó má tutù. Bí wọ́n ṣe gbé e sókè yẹn ni àwọn tiwa yìn wọ́n. Ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn, èyí tó wà nítòsí mi jù ń pe ìyá rẹ̀. Ìkẹta fi ẹ̀yìn rìn, ó sá. Nínú tiwa, mẹ́ta kú. Mbótò wà nínú wọn. Ọta gba ọ̀nà ẹnu wọlé, ẹnu tó fi ń ṣe àwàdà yẹn náà ni. Láti inú igbó ni mo ti gbọ́ tí wọ́n ń kígbe orúkọ mi, pé Bẹ̀dámù, ìwọ tí o ṣí ọ̀fun òkun, ìwọ tí o fi omi de Túgà lẹ́sẹ̀.

Bàbá mi ò gbọ́. Ẹ̀yìn odi ló ń wò. Ó ní, "Omi yìí ò dún bó ṣe yẹ."

Kó tó sọ ọ́ tán, igi náà wó. Kò ní ariwo. Ilẹ̀ kàn mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, odi ya sínú. Ihò tó tó ọwọ́ di ihò tó tó ọkọ̀ ojú omi. Mo fò sínú rẹ̀, mo ń fi ẹ̀yìn dí i. Bàbá mi ń ju ẹrẹ̀ sí i, ó ń ju fìlà rẹ̀ sí i, ó ń ju ẹ̀wù rẹ̀ sí i. Òkun gbé mi bí ẹni gbé ewé, ó sọ mí sáàrin ìrẹsì. Nígbà tí mo dìde dúró, ihò náà ti tó ilé. Omi gun pèpéle, ó wọ oko Síńgò, ó wọ oko ẹni tó tẹ̀lé e, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, oko mẹ́tàdínlógún. Orí ìrẹsì ṣì yọ síta díẹ̀, ó ń mì. Ìrọ̀lẹ́, kò sí èyí tó yọ.

Ọjọ́ kejì, àwọn sójà Sàńtà Ríta wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sá. Wọ́n fi òpó àsíá sílẹ̀ àti agolo ẹja tó ti ṣófo. Àwọn Ẹgbẹ́ kéde rẹ̀ lórí rédíò pé ìṣẹ́gun ńlá ni. Ìṣẹ́gun ni lóòótọ́, Túgà kankan ò tún sùn níbẹ̀ mọ́ títí ogun fi parí. Àwa náà ò kó ìrẹsì kankan ní oko wa fún ọdún mẹ́fà. Ẹni tó bá sì gbé ọkọ́ lọ tún odi ṣe, bàálù á wá ju bọ́m̀bù lù ú. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ wá wo omi tí àwa dà síwájú.

Àwọn àgbà jókòó lọ́jọ́ kẹta. Kò sẹ́ni tó bú bàbá mi. Síńgò kàn bi í pé kí ló ṣe igi. Bàbá mi ní òun ò mọ̀. Ó ní, "Mo búra, ilẹ̀ gbọ́." Síńgò dìde, ó bọ́ fìlà tirẹ̀, ó fi de orí bàbá mi, torí orí ìhòòhò ni bàbá mi fi jókòó. Ọkùnrin tó lẹ́nu bí abẹ yẹn náà ni o.

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi ò fi ẹnu kan ìrẹsì. Níbi tí a wà yìí, ẹni tí kò jẹ ìrẹsì, kí ló kù tó fẹ́ jẹ? Ìṣáwùrú ló ń jẹ, àti ẹyìn, àti gbòǹgbò kan tí a máa ń wa fún ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ní oṣù keje lẹ́yìn ìbúra náà ni a sin ín. Ìwọ̀n rẹ̀ ò ju ti ọmọdé lọ nígbà tí a gbé e.

Ṣùgbọ́n ó ku oṣù kan kí ó kú, mo gba ààyè lójú ogun, mo wá sílé. Àwọn Ẹgbẹ́ ti fi ọkọ̀ ojú omi kó ìrẹsì wá láti òkè odò, ilé kọ̀ọ̀kan gba igbá kan. Ìyá mi sè é, ó gbé e síwájú bàbá mi, ó sì jáde kó má bàa rí ojú rẹ̀. Mo ti ronú rẹ̀ lọ́nà. Mo ní bí mo bá jẹ́wọ́, ìbúra á tú. Ẹni tó búra lórí irọ́ tí kò mọ̀, ilẹ̀ ò lè mú un. Mo kúnlẹ̀, mo rọ́ gbogbo rẹ̀ fún un: igi tuntun tí a gbé lọ sí títì, ẹrẹ̀ tí a rò bo èyí tó jẹrà, ẹlẹ́dẹ̀ tí a jẹ. Mo ní Túgà ló fà á, bàbá, wọn ò jẹ́ kí a parí iṣẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó jẹun.

Ohùn rẹ̀ ti kéré.

Ó ní, "Nígbà tí mò ń búra, níbo lo wà?"

Mo ní, "Ẹ̀yìn àká."

"O gbọ́ mi."

"Mo gbọ́ yín, bàbá."

Ó ní, "Ọmọ Bìsáù yẹn ní kí ẹ sọ̀rọ̀. Mo rántí. Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Ẹ jẹun, bàbá. Èmi ni mo purọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Kí ilẹ̀ mú èmi."

Ó mi orí. Ó ní, "Bulúfò ni ọ́, Bẹ̀dámù. Ilẹ̀ ò mọ ohùn rẹ. Tèmi ló mọ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti igbá náà sọ́dọ̀ mi. "Jẹ ẹ́. Ìwọ ṣì ń jagun."

Mo wo ìrẹsì náà. Ó ń rú èéfín, epo pupa wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Mo ní mi ò jẹ. Ó ní kí n jẹ. Ó sinmi orí lé ògiri, ó gbé ojú lé mi, ó ń wò mí.

Mo jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí. Mo jẹ ẹ́ tán níwájú rẹ̀.